Ìdajì Òtítọ́ Nínú Ìpolówó Àwìn

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó ọwọ́ ni a fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n kí ni kí a pe ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe èké, tí kò sì pé ní òtítọ́? Ẹni tí ó sọ apá tí ó dùn, tí ó sì pa apá tí ó korò mọ́, ó ha jẹ́ olóòótọ́ bí? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, òfin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń ra ọkọ̀ àti ohun èlò ilé ní àwìn, tí wọn a sì máa san án díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èlé. Ní ìgbà kan rí, ayánilówó lè kéde pé, "Dọ́là 6 péré ni èlé lórí 100." Ẹni tí ó bá yá 100 yóò san 106 padà ní ìgbà 12 láàárín ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é ní ilé ẹ̀kọ́. Láti ìparí oṣù kìn-ín-ní ni ajigbèsè ti ń dá owó náà padà. Nígbà tí ọdún bá fi dé ìdajì, nǹkan bí ìdajì owó náà ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà èlé tí ó ń san ní tòótọ́ súnmọ́ 11 nínú 100 lọ́dún. Ayánilówó kò purọ́, síbẹ̀ a ti tan ajigbèsè jẹ.

Paul Douglas, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé tí ó di aṣòfin láti Ìpínlẹ̀ Illinois, gbé àbá òfin kalẹ̀ ní 1960 láti mú àṣà yìí kúrò. Àwọn ayánilówó takò ó gidigidi. Kò sí ní ipò rẹ̀ mọ́ nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin náà ní 1968. Ní 1976 a fi ti àwọn tí ń yá ohun èlò lò fún oṣù púpọ̀ kún un.

Òfin yìí kò fi ipá mú oníṣòwò láti dárúkọ iye kankan nínú ìpolówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti la ẹnu sọ pé iye báyìí ni a ó máa san lóṣooṣù, ó di dandan kí ó sọ iye àsansílẹ̀, bí a ó ti san ìyókù, àti ìdá èlé ọdọọdún. Kí ó sì sọ ọ́ kedere, níbi tí ojú yóò ti tètè rí i. Ẹni tí ń fi ọkọ̀ yáni lò pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dárúkọ owó oṣooṣù láìsọ pé yíyá ni, kì í ṣe títà.

Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ẹni tí ń rajà béèrè." Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò mọ̀ pé ohun kan pamọ́ yóò ti ṣe béèrè rẹ̀? Ẹ sì ro ti oníṣòwò olóòótọ́. Bí òun bá kéde 11, tí aládùúgbò rẹ̀ sì kéde 6 fún àwìn kan náà, ọ̀dọ̀ ta ni èrò yóò wọ́ lọ? Nígbà tí òṣùwọ̀n gbogbo wọn bá dọ́gba, òtítọ́ kò ní kùtà mọ́.

Síbẹ̀ òfin kò lè dé inú ọkàn. Oníṣòwò lè kọ gbogbo ohun tí òfin béèrè, kí ó sì máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má kà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pa òfin mọ́, ṣùgbọ́n a kò lè pè é ní olóòótọ́. Lójú tiwa, olóòótọ́ ni ẹni tí inú rẹ̀ dùn bí ẹlòmíràn bá lóye ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán pátápátá, bí ìyẹn tilẹ̀ mú kí ó pàdánù ọjà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò èlé, kí a má baà tàn wọ́n jẹ. Ẹ sì kọ́ wọn ní èyí pẹ̀lú, kí àwọn náà má baà di ẹlẹ́tàn.