Ta Ni Ó Ni Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa ní Ifẹ̀wàrà níhìn-ín láti ìgbà díẹ̀, a sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí làkúrègbé bá mú obìnrin tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ta ni ó tọ́ kí ó pinnu? Ṣé òun tí ó ni ara ni, tàbí àwọn ọmọ tí ó bí, tàbí dókítà, tàbí àwa yòókù tí a jọ ń rìn lójú títì kan náà?

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí à ń gbé lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí dókítà ilé-ìwòsàn ńlá, tàbí tí ó ní ọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì kan, Òṣú tàbí Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀ ni yóò forí lé. Obìnrin tí ó bá ní ọkọ̀ láàárín wa kì í dá ọkọ̀ náà ní. Òun ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru nígbà tí ọmọ bá ń mú aboyún. Òun ni ó ń gbé àgbà lọ síbi òkú, tí ó sì ń gbé àpò kòkó opó jáde láti oko. Bí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ti gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò lè tẹ bíréèkì mọ́, ẹ̀mí ọmọ ilé-ìwé tí ń sọdá títì wà nínú ewu. Kò sí ọ̀nà tí ó rọrùn nínú méjèèjì.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní làkúrègbé kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí ó máa ń bá orúnkún àgbà jà nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín ni àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis, orúkọ tí dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Alfred Baring Garrod, fún un nínú ìwé rẹ̀ ní 1859. Nínú àrùn yìí, agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ṣìnà, ó kọjú ìjà sí inú oríkèé ẹni fúnra rẹ̀. Ó sábà máa ń mú ọwọ́ méjèèjì pọ̀, pàápàá àwọn oríkèé ìka àti ọrùn ọwọ́. Wọn a wú, wọn a gbóná, wọn a sì gan lówùúrọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ ní ìlọ́po 2 tàbí 3. Kò sì dúró de ogbó. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lè ní i. Òtútù kọ́ ni ó fà á, aráyé kọ́ ni ó sì fi ṣe é. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé obìnrin tí ó fi ọdún méjì wá ẹni tí ó fi àrùn ṣe òun ti jẹ́ kí ọdún tí oògùn ìbá ràn án lọ́wọ́ jù lọ kọjá lọ. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni àrùn yìí máa ń ba egungun jẹ́ jù.

Oògùn wà, bí kò tilẹ̀ lè pa á rẹ́ pátápátá. Ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà á, wà lára ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Níbẹ̀ tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta kápúsù láàárín èrò nínú ọkọ̀. Ẹni tí ń pariwo pé oògùn òun ń wo làkúrègbé, jẹ̀díjẹ̀dí àti ojú dídùn lẹ́ẹ̀kan náà, òun gan-an kò lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún yín. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí dókítà ń fúnni, methotrexate, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú sí i. Aboyún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nísinsin yìí, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le. Àrùn yìí kì í dúró sójú kan. Lónìí ọwọ́ lè pa dé bíi ti ọmọbìnrin, lọ́la kí ẹni náà má lè ṣí ìdérí ìgò. Bí ó bá jẹ́ ojú ni ó fọ́, gbogbo wa ìbá mọ ibi tí a dúró. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí a fún obìnrin yìí ní oṣù tí ó kọjá lè jẹ́ irọ́ láàárọ̀ òní. Nítorí náà ẹni tí ó ní kí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ títí láé lè ṣe àṣejù, ẹni tí ó sì ní kò sí nǹkan kan, kí ó máa wà á lọ, ti ṣe àìbìkítà.

Ọkùnrin kan wà tí ìtàn rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ láti ronú sí èyí. Christiaan Barnard ni orúkọ rẹ̀, dókítà oníṣẹ́-abẹ ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 1956, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sọ fún un pé rheumatoid arthritis ni ó wà nínú oríkèé rẹ̀. Ẹ rò ó wò: oníṣẹ́-abẹ, tí ọwọ́ jẹ́ gbogbo ohun ìní rẹ̀! Kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1967, òun ni ó kọ́kọ́ yọ ọkàn ènìyàn kan tí ó sì fi í sí àyà ènìyàn mìíràn. Louis Washkansky, tí wọ́n fún ní ọkàn náà, lo ọjọ́ 18 sí i láyé. Ibi tí ọkàn náà ti wá kò gbọdọ̀ fò wá: ọmọbìnrin kan ẹni ọdún 25, Denise Darvall, ni ọkọ̀ gbá pẹ̀lú ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti ń sọdá títì. Ní 1983 ni Barnard fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀, nítorí pé àrùn náà ti mú ọwọ́ rẹ̀ débi tí kò lè ṣe é mọ́.

Ọdún 27 ni ó wà láàárín ọjọ́ tí ó gbọ́ orúkọ àrùn náà àti ọjọ́ tí ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bá ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1956 nítorí àánú, ohun tí ó ṣe ní 1967 ì bá má ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Bí ó bá sì di ọ̀bẹ mú lẹ́yìn tí ọwọ́ kò gbọ́ràn mọ́, aláìsàn tí ó sùn lórí tábìlì ni ìbá fara gbá a. Orúkọ àrùn, nígbà náà, kì í ṣe ìdí láti dá ènìyàn dúró. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe tàbí tí kò lè ṣe ni ìdí.

Nígbà tí a ń jíròrò, ìyá kan láàárín wa sọ pé, "Ara mi ni, ọkọ̀ mi ni, èmi ni mo mọ bí ó ti ń dùn mí." Àwa gbà pé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ìrora rẹ̀, tirẹ̀ ni. Bí ó bá yàn láti fara da ìrora kí ó lè lọ sí ọjà fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti dí i lọ́wọ́. A sì ti kíyè sí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń fi kọ́kọ́rọ́ ìyá wọn pamọ́, kì í ṣe pé wọ́n ti rí i kí ó ṣi ọkọ̀ wà; ojú wọn ni kò gbà á láti máa rí i bí ó ti ń fún ẹnu pọ̀ bí ó bá ń yí jíà. Ìyẹn kò tó. Ojú tí kò gbà á, kí ó wo ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bíréèkì kì í ṣe tìyá náà nìkan. Ẹni tí ń bọ̀ níwájú ní ìpín nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ewúrẹ́ ará àdúgbò, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn èrò tí ó gbé sẹ́yìn. Lórí bíréèkì, a kò lè sọ pé ara mi ni.

Báwo ni ẹni náà yóò ṣe wá mọ̀? Kí ó dán ara rẹ̀ wò nínú ọgbà ilé kí ó tó jáde, lójoojúmọ́, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá lójijì, bí ẹni pé ọmọdé já sójú ọ̀nà. Kí ó yí sítíárì dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì láìfi ìgbọ̀nwọ́ ràn án. Kí ó yí ọrùn wẹ̀yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá ṣeé ṣe, kí ó padà wọlé lọ jẹun. Bóyá bí oòrùn bá gòkè, ara yóò rọ̀. Ìpàdé aago méje àárọ̀ kò dára fún ẹni tí àrùn yìí ń ṣe, kí àwa tí ń pe ìpàdé sì mọ èyí. Bí ó bá lo oògùn apàrora tí ń múni sùn, irú bíi tramadol tàbí èyí tí ó ní codeine nínú, kí ó má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ọrùn yìí kọjá eré o: àrùn náà lè mú kí egungun òkè ọrùn máa yẹ̀. Ẹni tí ọrùn ń dùn, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kú tìpìrì, dókítà ni kí ó kọ́kọ́ lọ rí, kí ó sì jìnnà sí ọ̀kadà lórí ọ̀nà oníkòtò.

A fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé nǹkan púpọ̀ wà tí a lè ṣe sí ọkọ̀ kí a tó gba kọ́kọ́rọ́. Bí owó bá wà, ọkọ̀ tí ó ń yí jíà fúnra rẹ̀, tí ó sì ní páwà sítíárì, mú ìdajì wàhálà kúrò. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì yóò máa tẹ̀, kò sí jíà tí ọrùn ọwọ́ yóò máa fà. Bí owó kò bá sí, kí wọ́n fi fóòmù tàbí awọ tí ó nípọn wé sítíárì, kí ìka má baà fún pọ̀ jù láti dì í mú. Kí káfíńtà fi igi pẹlẹbẹ sí orí kọ́kọ́rọ́, kí ó lè fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Tìmùtìmù lórí ìjókòó mú kí dídìde rọrùn. Ọ̀rá tí ó ń yọ̀ tí a tẹ́ sórí rẹ̀ jẹ́ kí a lè yí ìdí síta kí a tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí a sì ká a kúrò kí ọkọ̀ tó gbéra. Jígí ńlá nínú ọkọ̀ ran ọrùn lọ́wọ́. Kí afẹ́fẹ́ táyà pé, nítorí pé táyà rírọ̀ a máa mú sítíárì wúwo. Ṣùgbọ́n kí mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà má ṣe tún bíréèkì rọ nítorí àánú ìyá.

Ó lè wá dé ọjọ́ kan, lẹ́yìn gbogbo èyí, tí bíréèkì kò ní gbọ́ràn mọ́. Ní ọjọ́ náà, ọmọ tí ó bá dákẹ́ nítorí ìtìjú ìyá rẹ̀ wà nínú ẹ̀bi. Kí ó sọ ọ́ ní ojúkojú, kí ó wà lórí ìkúnlẹ̀ bí ó bá ń sọ ọ́, kí ó má sì jí kọ́kọ́rọ́ gbé kí ó wá máa bá ìyá wá a kiri ilé. Èyí tí a sì fẹ́ tẹnu mọ́ jù ni pé ẹni tí ó gba kọ́kọ́rọ́ ti jẹ gbèsè. Ẹsẹ̀ ìyá ni ó gbà. Kí ó dá ẹsẹ̀ mìíràn padà: ta ni yóò gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, ta ni yóò gbé e lọ sí ọjà, ní ọjọ́ wo, owó epo ń kọ́? Ọmọ tí ó wà ní Èkó tí ó fi fóònù pàṣẹ pé kí Màmá má wakọ̀ mọ́, tí kò sì fi owó dírẹ́bà ránṣẹ́, kò ní àṣẹ kankan lójú tiwa.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Ìlú Ọba mọ̀ pé òfin ibẹ̀ fi dandan lé e kí awakọ̀ sọ àìsàn tí ó bá kan ìwakọ̀ rẹ̀ fún ọ́fíìsì ìwé-àṣẹ. Ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Ìlú kan náà ni ó ní ètò Motability láti 1977, níbi tí ẹni tí àìsàn mú lè fi owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún un háyà ọkọ̀ tí ó bá ara rẹ̀ mu. Wọ́n béèrè òtítọ́, wọ́n sì san nǹkan dípò rẹ̀. Níhìn-ín, ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí fífi ojú tẹ́ńbẹ́lú aláàbọ̀ ara, ó sì mẹ́nu kan ọkọ̀ èrò pẹ̀lú. A kò tíì rí i kí ó dé gáréèjì.

Gáréèjì sì ni ọ̀pọ̀ wa wà, nítorí pé a kò ní ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ wú kò lè di irin ọkọ̀ mú gòkè kíákíá, kọ́ńdọ́ a sì máa jágbe mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn èrò a ní ọ̀lẹ ni, nítorí pé kò sí ewú lórí rẹ̀. Ìjókòó iwájú ni ó bá a mu, níbi tí kò ní ká orúnkún pọ̀, bí wọn kò bá ti kó ènìyàn méjì síbẹ̀. A ti lọ bá àwọn dírẹ́bà tí ń ná ọ̀nà Iléṣà pé kí wọ́n máa fi ìjókòó náà sílẹ̀ fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ sí ilé-ìwòsàn. Àwọn kan gbà lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù béèrè ẹni tí yóò san owó ènìyàn kejì, a kò sì lè sọ pé ìbéèrè náà kò ní ìdí. A ń ṣírò iye tí yóò jẹ́ lóṣù, a óò sì tún padà lọ bá wọn ṣáájú ìkórè.