Kí Owó Má Dá Ọmọ Wa Dúró

Elédùmarè, a kúnlẹ̀ ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́ níbí, nítorí àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Àkúrẹ́ àti ní Òǹdó. Orí wọn pé, owó ni kò pé.

Wo ìyá tó ń wọn ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Ìsìkàn. Ojoojúmọ́ ló ń dá àjọ, káàdì alájọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya tán lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ má bàa kúrò ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́. Kí ọjà rẹ̀ tà wàràwàrà. Kí alájọ má gbé owó rẹ̀ sá lọ. Kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ má tán kí owó rẹ̀ tó pé. Ọmọ tó ń mu gàrí sùn ní Apatapiti lẹ́bàá FUTA kó lè rówó ra ìwé, kí ebi má gba ohun tó kà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì UNIMED ní Òǹdó, èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Adéyẹmí níbẹ̀, kí ìkankan nínú wọn má jókòó sílé fún sáà kan torí owó. Ẹni tó lọ wá owó ní sáà kan, ó ṣòro kó tó padà sí kíláàsì.

Ìwọ tó mú kí ọmọ tálákà wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láyé Awólọ́wọ̀ ní 1955, tó gbé Ajáṣin ọmọ Ọ̀wọ̀ dórí oyè gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní 1979, gbọ́ tiwa náà. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024 kò gba èlé. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ìwé, 20,000 náírà sì wà fún owó oúnjẹ ọmọ lóṣooṣù. Ohun rere ni. Jẹ́ kó máa dé lásìkò, torí owó oúnjẹ tó dé lẹ́yìn ìdánwò ti pẹ́ jù. Ẹni tí fáìlì àwọn ọmọ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, fún un lójú àánú, kó má jókòó lé e.

Ẹ̀yin ọmọ Ìsìkàn, nílé lóko, lẹ́yìn odi, tí ẹ ń san owó ilé-ìwé ọmọ tí ẹ kò bí: ọwọ́ yín kò ní ká. Àpò yín kò ní jò. Ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹni tí ẹ gbé dìde kò ní tì yín ṣubú.

Àwọn ọmọ náà, kí wọ́n kàwé yege, kí wọ́n sin ilẹ̀ baba wọn, kí iṣẹ́ gidi wá wọn rí kí ọdún méjì tí òfin ẹ̀yáwó fún wọn lẹ́yìn ìsìnrúùlú tó pé, kí wọ́n rówó san padà, kí àbúrò wọn náà rí i yá.

Àṣẹ!