Irin Tó Ń Padà Sílé

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníwàásù ti ń fi ìpẹtà ara irin ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀ṣẹ̀: wọ́n ní bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin ni ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ọkàn, wọ́n ní àjèjì ni, ọ̀tá ni, tí ó yẹ kí a lé jáde kí irin lè padà sí ipò mímọ́ tí ó ti wà rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tú táńkì àti mọ́dígáàdì alùpùpù àtijọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, tí ó fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha wọ́n títí apá fi ń ro ó, tí ó sì wá kùn wọ́n lọ́dà tuntun, kò ní ṣàì rí i pé irin fúnra rẹ̀ kò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé ka iwájú mi, tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, kò ju èyí lọ: ta ni àjèjì lára irin, ṣé ìpẹtà ni, àbí dídán?

Kí irin tó ṣọkọ́, kí ó tó ṣàdá, kí ó tó di ríìmù tí ń yí lójú títì, inú Ilẹ̀ ló wà, Ilẹ̀ Ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, níbi tí òun àti ọ́síjìn ti so ara wọn pọ̀ di òkúta pupa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ bí a ti í yà wọ́n nípá. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ àpèjúwe ilé ìyọ́rin kan nítòsí Ọ̀yọ́ jáde, ohun tí ó sì rí níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé: ìléru amọ̀ tí a kó èédú àti òkúta irin sí nínú, iná tí kò gbọdọ̀ kú, ìdàrọ́ tí ń ṣàn lọ tí irin ń kù sílẹ̀. Èédú tí ń jó ló gba ọ́síjìn kúrò lọ́wọ́ òkúta. Bí a bá mú iná kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, agbára káká ni a ó fi rí irin dídán láyé wa. Ohun tí a wá ń pè ní ìpẹtà kò ju pé irin tún bá omi àti afẹ́fẹ́ pàdé, tí ó tún so mọ́ wọn, tí ó sì ń padà díẹ̀díẹ̀ di ohun tí ó jọ òkúta pupa tí a ti fà á yọ. Àwọn àgbà ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí a bá fi ti irin wò ó, dídán lọjà, ìpẹtà nilé, aráalé tí ń pe ọmọ rẹ̀ ni a sì ń pè ní ọ̀tá.

Ẹ sún mọ́ táńkì náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa bẹntiróòlù inú rẹ̀ dànù tán, tí ẹ sì ti jẹ́ kí òórùn rẹ̀ ká kúrò, nítorí afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù inú táńkì òfìfo a máa gba iná ju bẹntiróòlù gan-an lọ. Nísàlẹ̀, níbi tí omi òjò ti máa ń dúró, ẹ óò rí i tí ọ̀dà wú bí èéwo, nítorí ìpẹtà a máa gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ, kò sì sí ibòmíràn tí yóò gbà ju pé kí ó ti ọ̀dà sókè. Bí a bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, a fọ́, ẹ̀bù pupa a sì dà sílẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀bù náà ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ dúdú wà tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé ìdí wọn. Níhìn-ín ni ọ̀lẹ ti ń tan ara rẹ̀ jẹ, tí ó fi sánpépà ra ojú ibi tó wú nìkan, nígbà tí ìpẹtà ti yọ́ gba abẹ́ ọ̀dà tí ó ṣì ń dán lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: a ní láti ha ọ̀dà tó dára pẹ̀lú, títí a ó fi dé ibi tí irin ti mọ́ tí ọ̀dà sì dì mọ́ ọn yí ká, kí a lo sánpépà 80, kí a tó bọ́ sí 120 àti 240. Fún àwọn ihò náà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ dára. Kíkan rẹ̀ a máa yọ́ ìpẹtà, bí a bá fún un láyè di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí a ó fi omi fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá, a ó nù ún gbẹ, a ó sì sá a sóòrùn.

Ohun kan wá wà tí ó máa ń ya ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lẹ́nu. Kò sí ọjọ́ tí irin wà nínú ewu tó ọjọ́ tí a fọ̀ ọ́ mọ́ tán. Ní àkókò òjò, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ níhòòhò mọ́jú, ẹ óò bá àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀ láàárọ̀, bí ó ti wù kí ẹ ṣe làálàá tó lánàá. Jésù pàápàá sọ̀rọ̀ ilé kan tí a gbá mọ́, tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí ó sì ṣófo, àti bí ẹ̀mí tí a lé jáde ti padà wá pẹ̀lú méje mìíràn. Ó dá mi lójú pé àkàwé yìí bá irin mu ju ti àwọn oníwàásù wa lọ, nítorí kò fi mímọ́ ṣe òpin ọ̀rọ̀.

Kí wá ni a ó fi bò ó? Ọ̀dà àkọ́kọ́ tí àwọn wẹ́dà ń kùn sára géètì, tí wọ́n ń pè ní rẹ́dì ọ́sáìdì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀bù irin tí ó ti so mọ́ ọ́síjìn ló fún un ní àwọ̀ pupa náà, ọmọ ìyá ìpẹtà gan-an, tí a lọ̀ kúnná tí a sì fi òróró tàbí oje dì pọ̀. Ohun tí ń jẹ irin, ìbátan rẹ̀ ni a fi ń ṣọ́ irin! Ẹ̀bù yìí ti gba ọ́síjìn yó, kò wá òmíràn mọ́, oje sì dì í mú kí ó má baà ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n ìpẹtà tí kò ní ohun tó dì í mú a máa ṣí bí èèpo, a sì máa jẹ́ kí omi bá irin tó kù nínú. Àlúmínì ara ẹ́ńjìnnì mọ èyí láìsí olùkọ́, nítorí ìpẹtà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa dì mọ́ ọn pinpin, a sì di aṣọ fún un. Nítorí náà, kì í ṣe mímọ́ ni ó ń bá ìpẹtà jà lórí táńkì yín. Ìpẹtà tí ó ti rí ibi jókòó ló ń ṣọ́ irin lọ́wọ́ èyí tí kò ì tí ì rí. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọkàn ènìyàn rí. Àwọn tí ń bọ Ògún Lákáayé, Onírè, kì í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ Ògún mọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ tí ó yẹ̀nà náà ló ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ni pé kí agbára náà rí ibùjókòó.

Ẹnìkan lè wí pé, bí irin bá ń lọ sílé, kí ló dé tí a ń dá a lọ́nà? Ṣebí Olúwa wa kìlọ̀ kí a má to ìṣúra jọ síbi tí kòkòrò àti ìpẹtà lè bà á jẹ́? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtòjọpamọ́ fún ara ẹni ni ó kọ̀, kò kọ ìtọ́jú. Alùpùpù tí ń gbé agbẹ̀bí lọ sí abà lóru kì í ṣe ìṣúra tí a tò jọ. Al-Kùránì náà, nínú Súrà 57 tí a fi irin sọ lórúkọ, jẹ́ kí ó yé wa pé Ọlọ́run ló sọ irin kalẹ̀, pẹ̀lú agbára ńlá àti àǹfààní fún ọmọ ènìyàn nínú rẹ̀. Ohun àyálò ni. A kò lè ní kí ó má padà. A lè ní kí ó má padà kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ yá a, kí ó má sì gbé ẹnikẹ́ni ṣubú ní ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí mo fi bínú sí ọ̀dà tí ń purọ́. Bí férémù alùpùpù bá ti lu lójú ibi tí a ti jó o pọ̀, tí ẹnìkan fi fílà, ohun tí a fi ń dí ihò ara ọkọ̀, dí i, tí ó fi sánpépà ra á, tí ó kùn ún kí ó máa dán, tí ó sì gbé e fún ẹlòmíràn láti rà, fílà yẹn kò lè gbé ẹrù kankan. Ní kóòtù wa, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a máa fi irin búra kí ó tó jẹ́rìí. Ẹni tó kun férémù bẹ́ẹ̀ ti fi irin búra èké láìla ẹnu. Kí a tó mú ọ̀dà, kí a kọ́kọ́ fi òòlù kékeré kan irin náà, kí a gbọ́ bóyá ó ń dún gooro tàbí ó ń dún gbù, kí a sì fi ẹnu ìṣó gún ibi tí a bá fura sí. Bí ìṣó bá wọlé, èmi kì í kùn ún. Mo máa ń fi ayùn irin gé irú rẹ̀ sí méjì kí n tó kó o fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á ní ààtàn, kí ó fi ọ̀dà bò ó, kí ó sì gbé ọmọ ọlọ́mọ lé e lórí.