Ta Ni Yóò Sọ Fún Ọ Pé Kí O Dúró?

  

Ẹni tí ó bá mọ Creek Road, láti Àpápá títí dé ìhà Ajégúnlẹ̀, yóò mọ̀ pé ojú ọ̀nà tí ènìyàn ti ń dúró ni. Kí Nigerian Ports Authority tó bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà pe àwọn tírélà wọ èbúté ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021, dẹ́rẹ́bà lè wà lórí ìlà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó rí kọ̀ǹténà gbé. Ẹni tí ó bá ń dúró yóò sì wá nǹkan ṣe: àwọn kan ń ta dráàfù, àwọn kan ń ta ayò ọlọ́pọ́n. Nísinsìnyí, ayò ṣẹ́ẹ̀sì náà ti wọ àárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Láti ìgbà tí Túndé Ọnàkọ̀yà ti dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018 láti kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní Èkó ní ayò yìí, àti pàápàá láti ìgbà tí ó ti fi 60 wákàtí ta á ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ òbí tí kò mọ orúkọ rẹ̀ rí ni ó ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, lẹ́yìn ìrun Alaasari, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti kéwú lọ́dọ̀ wa rí wá bá wa. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ajẹ́ńtì kan tí ń bá ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté. Ìwé kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti já. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé hàláálì ni nǹkan yìí?”

A gba ìwé náà, a ṣí i. Àwòrán pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ni ó kún inú rẹ̀. Wọ́n mú ayò tí àwọn ọ̀ta ayò ti ta ní tòótọ́, wọ́n dá a dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ọ̀ràn ti le, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán pé ó kan funfun láti ta, funfun yóò borí. Iṣẹ́ ẹni tí ń kà á ni kí ó wá ọ̀nà náà. Ó fi ọ̀kan hàn wá, èyí tí Paul Morphy ta ní Paris ní ọdún 1858. Morphy gbé ayaba rẹ̀, tí ó níye lórí jù lọ lẹ́yìn ọba, síbi tí ẹṣin alátakò yóò ti pa á. Ẹṣin náà kò lè ṣe kí ó má pa á. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin náà ti kúrò ní àyè rẹ̀ báyìí, ọ̀nà ṣí sílẹ̀; ilé-ìṣọ́ Morphy gba ibẹ̀ wọlé, ọba alátakò há, ayò parí. Àlọ́ àpamọ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ àwa náà láti rí i.

Nípa ìbéèrè rẹ̀, a kì í ṣe mùftí, a kò sì ní fi ọwọ́ ara wa dá òfin. Ohun tí a kà lọ́dọ̀ àwọn onímímọ̀ ni pé wọ́n yapa lórí ayò yìí, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní shatranj. Mọ́sáábù Imaamu Malik, tí ó jẹ́ ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá, le lórí rẹ̀. Ti Abu Hanifa àti ti Ahmad náà kò fẹ́ ẹ. Ní ti Imaamu Shafi'i, kò pè é ní hàráámù. Ó kà á sí ohun tí a kórìíra, àwọn tí ó tẹ̀lé e sì là á sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ní tẹ́tẹ́ nínú, kò gbọdọ̀ mú ènìyàn pa ìrun jẹ, kò sì gbọdọ̀ mú ìsọkúsọ wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ Mùftí àgbà Saudi Arabia ìgbà náà tún jáde pé hàráámù ni. Bí wọ́n ti yapa tó, gbogbo wọn ni ó fi ohùn kan sọ pé bí owó tẹ́tẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, ó ti di hàráámù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ di ọ̀rọ̀ Imaamu Shafi'i mú, kí ó di àwọn májẹ̀mú rẹ̀ mú pẹ̀lú. Kò dára kí ènìyàn gba ìyọ̀ǹda kí ó sì da májẹ̀mú nù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọwọ́ òyìnbó ni irú àlọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ayé àwọn Kálífà ìdílé Abbas, al-Adli kọ ìwé lórí ayò yìí ní nǹkan bí ọdún 840. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Abu Bakr as-Suli, tí ó ta á níwájú Kálífà al-Muktafi. As-Suli fi àlọ́ kan sílẹ̀, kò fi ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí ọ̀ta ayò kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Yuri Averbakh, tó tú u. Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn ṣì jókòó tì í lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? As-Suli ti sọ fún wọn pé ìdáhùn wà níbẹ̀ ni.

A rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dìde. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ni ó sọ ohun tí ó gbé e wá gan-an.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun, ọ̀gá rẹ̀ na ìwé kan sí i. Ó ní kí ó fọwọ́ sí i kíá, nítorí dẹ́rẹ́bà ti ń dúró. Ó fọwọ́ sí i, ó sì sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí ó padà dé ni ó rí ẹ̀dà ìwé náà lórí tábìlì. Ẹrù tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kọ́ ni ẹrù tí ó wà nínú kọ̀ǹténà. Owó ibodè tí wọn yóò san sì kéré gan-an sí èyí tí ó yẹ. Orúkọ tirẹ̀ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó yẹ ẹrù wò.

A bá a wí. A ní, “Ìwọ tí o lè wo pátákó fún odidi wákàtí kan kí o tó gbé ẹṣin, báwo ni o kò ṣe lè fi ìṣẹ́jú kan wo ìwé tí o fẹ́ fọwọ́ sí?”

Ó dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Àáfà. Inú ìwé yìí, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìwé tí ọ̀gá mi gbé wá, kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.”

A kò rí èsì fọ̀. Ní òru ọjọ́ náà, a rántí pé àwa náà ti jẹ́rìí rí, nínú lẹ́tà tí ọmọ kan fi wá iṣẹ́, sí ìwà ọmọ tí a kò mọ̀ dáadáa, nítorí pé bàbá rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà wa tí ojú sì ń tì wá. Àwa pẹ̀lú kò mọ̀ pé àlọ́ ni wọ́n gbé síwájú wa.

Ẹ̀yin ará wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ohun tí ó tọ́. Bí olùkọ́ bá bi wá ní kíláàsì pé ṣé ó dára kí Mùsùlùmí jẹ́rìí èké, gbogbo wa yóò ké pé rárá. Ìbéèrè kíláàsì ti fi ara rẹ̀ hàn pé òun ni ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ìdánwò ayé kì í kéde ara rẹ̀. Ó máa ń wá ní àwọ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́: ìwé kan lára ogún ìwé, ọ̀rọ̀ kan lára ìtàkùrọ̀sọ, ṣéńjì kan lọ́wọ́ oníbàárà. Kí á tó mọ̀ pé ìdánwò ni, ọwọ́ ti kan ọmọ ayò. Òfin ṣẹ́ẹ̀sì sì ni pé ọmọ ayò tí o bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn, òun ni o gbọ́dọ̀ ta. Àwọn àgbà wa ní ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ọwọ́ tí a fi sí ìwé náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé, “Ṣé gbogbo nǹkan ni kí á wá máa dúró lé lórí? Ṣé kí á máa ro àròjinlẹ̀ kí á tó jẹ àmàlà?” Rárá. Ìyẹn yóò di wáswáàsì, ẹ̀sìn wa kò sì fẹ́ ẹ. Ọ̀ta ayò pàápàá kì í fi wákàtí kan wo gbogbo ìgbésẹ̀. Àmì ni ó máa ń wò. Ṣé ọba kan wà tí kò ní ibi ìsápamọ́? Ṣé ọmọ ayò kan wà tí kò ní aláàbò? Ṣé nǹkan pàtàkì méjì wà lójú ìlà kan ṣoṣo? Bí ó bá rí ọ̀kan nínú wọn, ó mọ̀ pé ibí ni kí òun ti dúró. A rò pé ayé náà ní àmì tirẹ̀, a ó sì dárúkọ mẹ́ta.

Èkínní ni ìkánjú tí ẹlòmíràn gbé karí rẹ. Bí ẹnì kan bá ní kí o ṣe é kíá, kí o má kà á, bi ara rẹ léèrè ìdí tí òun kò fi fẹ́ kí o kà á.

Ìkejì ni ìpamọ́. Arábìnrin, bí ọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọ ní yìgì, ṣùgbọ́n kí o má tíì jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́, dúró. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ máa ń rin ọkàn ẹni, ẹni tí ó ń dá a kò sì ní fẹ́ kí ènìyàn mọ̀.

Ìkẹta ni kí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ sí ibi tí ó yẹ kí orúkọ ẹlòmíràn wà. Bí ó bá jẹ́ ohun rere ni, kí ló dé tí ẹni tí ó ni ín kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i?

Síbẹ̀, ta ni yóò rán wa létí láti wo àmì? Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni ladani ń pè wá. Kì í sọ fún wa pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa burú. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí á gbé e sílẹ̀ ná, kí á dúró níwájú Ọlọ́hun, kí á tó padà sídìí rẹ̀. Ọlọ́hun sì ti pàṣẹ nínú Súrà Jímọ̀ pé bí wọ́n bá ti pe ìrun ọjọ́ náà, kí á fi òwò sílẹ̀. Ẹ wò ó, ọmọ wa yìí fọwọ́ sí ìwé náà kí ó má bàa pẹ́ dé ìrun. Bí ó bá ti sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kírun dé ná,” ì bá ti fi ojú mìíràn wo ìwé náà nígbà tí ó bá dé. Ọ̀rọ̀ tí ó wí pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ladani ké e jáde.

Nǹkan kan kù tí ó bà wá lẹ́rù ju ti ọjọ́ Jímọ̀ náà lọ. Ọmọ náà ní, “Àáfà, ọwọ́ mi ti wà nínú rẹ̀ báyìí. Bí mo bá fọwọ́ sí èkejì, kí ni ìyàtọ̀?”

A ní kí ó ṣí ìwé rẹ̀ sí àlọ́ kan tí ó ti fi hàn wá. Ní Monte Carlo, ní ọdún 1902, Georg Marco ń bá Ignaz von Popiel ta ayò. Marco rò pé bíṣọ́ọ̀bù òun ti há, kò lè kúrò lójú kan, wọn yóò sì pa á. Ó gbà pé òun ti fìdí rẹmi, ó fi ayò sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an, bí ó bá ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọba alátakò, Marco ni ì bá borí. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ìsọ̀rètínù rẹ̀ ni. A wí fún ọmọ náà pé ẹni tí ó bá dá ẹ̀ṣẹ̀ kan, tí ó wá tìtorí rẹ̀ dá èkejì, ohun tí Marco ṣe ni ó ń ṣe. Ilẹ̀kùn túúbá kò tì. Kí ó jáwọ́, kí ó kábàámọ̀, kí ó pinnu pé òun kò ní padà síbẹ̀, kí ó sì dá ẹ̀tọ́ padà níbi tí agbára rẹ̀ bá gbé e dé.

Ní ọjọ́ Àtìnẹ́, ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ sí ohun tí òun kò yẹ̀ wò mọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ orúkọ òun kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Kọ̀ǹténà náà ti lọ. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. A kò ní parọ́ fún yín pé iṣẹ́ tí ó dára ju ìyẹn lọ ti dé. Ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tajà ní Boundary, owó rẹ̀ kò sì tó ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ bá wa fi í sínú àdúà.

Ó ṣì ń tú àlọ́ kan lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ṣùgbọ́n ó ti gé páálí kékeré kan tí ó fi ń bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ó ní òun fẹ́ kọ́ bí òun yóò ṣe máa fi ojú ara òun mọ ẹni tí ó fẹ́ borí, àti ohun tí alátakò ń wá.

Kí Ọlọ́hun la ojú wa sí àmì kí ọwọ́ wa tó kan ọmọ ayò. Èyí tí a ti ta ní àṣìtá, kí Ó forí jì wá, kí Ó má sì jẹ́ kí á sọ̀rètí nù nínú àánú Rẹ̀. Àmín.