Gbèsè Etí

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó lè gbọ́ orin kí ó má rí olórin. Bí alápàlà bá ń kọrin lójú agbo, ojú rẹ̀ ń wo ojú wa. Ó lè pe orúkọ wa, kí ó ki bàbá wa, kí ó sì fa oríkì ìdílé tí àwa fúnra wa ti gbàgbé yọ. Bí orí bá ti wú wa, ọwọ́ wa yóò wọ àpò. A ó dìde, a ó jó, a ó sì lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Àwọn elégbè yóò gbè é, àwa náà yóò sì bá wọn gbè é. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, gbígbádùn àti fífúnni kò já ara wọn sílẹ̀: ẹni tó gbádùn orin ti san ohun tó jẹ kí ó tó kúrò lójú agbo. Ẹni tó gbádùn tán tí kò jó, tí kò gbè, tí kò sì náwó, gbogbo agbo ni yóò mọ irú ẹni tó jẹ́.

Àwo orin ló tú okùn yìí. Láti ìgbà tí a ti lè fi ohùn ènìyàn pamọ́ sára àwo ni ènìyàn ti lè ti ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ó sì máa gbọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò sì ní í mọ̀ láéláé. Olórin kò rí i. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bóyá ó jó tàbí kò jó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni pé: ǹjẹ́ ẹni tó ń dá gbádùn ohùn olóhùn nínú ilé rẹ̀ jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè? Bí ó bá jẹ gbèsè, ta ni ó jẹ, kí ni yóò sì fi san án?

Ìbéèrè yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Mo fẹ́ràn jáàsì, orin tí àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ̀ ọ́n láti ojú agbo. Lóòótọ́, Louis Armstrong wá fọn fèrè rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Ṣùgbọ́n a kò tí ì bí mi nígbà náà. Àwo ló gbé jáàsì wá bá mi ní Abẹ́òkúta.

Abẹ́òkúta kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ àwo. Ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1920 ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí ìwàásù àti orin rẹ̀ lókìkí káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí jẹ́ lójú ará Ẹ̀gbá ìgbà náà: ohùn àlùfáà ń dún ní pálọ̀, àlùfáà fúnra rẹ̀ sì lè wà lójú oorun nílé tirẹ̀. Ó kú ní 1930, ohùn rẹ̀ kò bá a lọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Fẹlá, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1938, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Nígbà tó padà dé ní 1963, jáàsì ló kọ́kọ́ fẹ́ fi dá àwọn ará Èkó lára yá, kí ó tó wá po ó mọ́ háílàìfù àti ìlù ilẹ̀ wa, tí ó fi di Áfíróbíìtì. Ní Ìtòkò ẹ̀wẹ̀, Àyìnlá Ọmọwúrà gbé àpàlà dé ibi gíga, pẹ̀lú Adéwọlé Oníluọlá nídìí ìlù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àwo ni ọwọ́ tó hán ẹyin náà kí ó tó balẹ̀.

Ohun tó wà lójú àwo kò ju ilà kan ṣoṣo lọ, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká láti etí àwo dé ìtòsí àárín rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń tọ ilà náà, ó ń gbọ̀n bí ohùn ti gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ẹ̀rọ sì ń sọ gbígbọ̀n kékeré yìí di ohùn tó kún yàrá. Àwo àtijọ́, tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lójú kan. Olórin ní láti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Nígbà tí àwo gbọọrọ oní-33⅓ dé ní 1948, ojú kan rẹ̀ gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ló fún jáàsì láyè láti mí. Òun náà ló jẹ́ kí Fẹlá lè fi ojú kan jì orin kan: nínú àwo Shakara ti 1972, orin méjì péré ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ojú tirẹ̀. Bí ojú kan bá parí, olùgbọ́ gbọ́dọ̀ dìde, kí ó yí àwo padà. Irú orin bẹ́ẹ̀ ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣehàn lásán ni gbogbo ọ̀rọ̀ àwo àti ẹ̀rọ rẹ̀. Wọn kò jayò pa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, pálọ̀ olówó Abẹ́òkúta kò pé bí kò bá sí rédíógíráàmù níbẹ̀, àpótí onígi ńlá tí a fi aṣọ ọlọ́nà bò lórí, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ baálé. Àwọn ilé kan wà tí a ti ń nù ún lójoojúmọ́, tí a kì í sì í gbọ́ orin nínú rẹ̀ àfi lọ́jọ́ ọdún. Lónìí, mo mọ àwọn ènìyàn tí wọ́n lè sọ iye tí wọ́n ra wáyà, abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè dárúkọ ẹni tó ń fọn fèrè tí wọ́n ń gbọ́. Àwo tí yóò fi agbára ẹ̀rọ hàn nìkan ni wọ́n ń gbé sí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ra igbá ọlọ́nà láti fi bu omi mu, tí òùngbẹ wá ń gbẹ níbi tó ti ń wo ọnà ara igbá.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé ẹ̀rọ kò já mọ́ nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tán a máa ha ojú àwo, ohun tó bá sì ti ha kò tún ní í padà. Ẹni tó ń nu eruku ara àwo, tó ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lásìkò, tó sì ń fi àwo sí ìdúró kí ó má baà wọ́, ń tọ́jú ohùn ẹlòmíràn ni. Ibi tí ìtọ́jú ti yàtọ̀ sí àṣehàn kò ṣòroó mọ̀: bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ǹjẹ́ ẹ̀rọ ni ọkàn wa wà lára rẹ̀, tàbí olórin?

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju èyí lọ. Wọ́n ní ohùn tí kò ní ara kì í ṣe ohùn ènìyàn. Pé níwọ̀n ìgbà tí olórin kò sí níwájú wa, kò sí ohun tí a lè jẹ ẹ́. Àwọn baba wa gan-an sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kí ó mọ ohùn tí kò ní ojú ju ará Ẹ̀gbá lọ? Bí Orò bá jáde ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn tí kò ní ẹ̀tọ́ láti rí i a máa tìlẹ̀kùn mọ́rí. Ohùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń sọ pé kò sí nǹkan níta. Gbogbo ilé ni yóò pa rọ́rọ́. Bí egúngún bá ń sọ̀rọ̀, a kò rí ojú ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n a kì í torí èyí kẹ̀yìn sí i. Ńṣe ni a ń kúnlẹ̀ gba àdúrà. Nínú àṣà wa, àìrí olóhùn kò dín ọ̀wọ̀ kù. Ó ń fi kún un ni.

Mo máa ń ro èyí bí mo bá gbé Kind of Blue sórí ẹ̀rọ, àwo tí Miles Davis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ méjì ní 1959. Àwọn méje ni wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Jimmy Cobb, onílù wọn, ló gbẹ̀yìn; ó kú ní 2020. Kò sí ẹnì kan nínú yàrá náà tó ṣì wà láyé, bẹ́ẹ̀ ni èémí wọn ń gba inú fèrè kọjá ní etígbọ̀ọ́ mi. Bákan náà ni Àyìnlá Ọmọwúrà, tó kú ní ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, 1980. Bí a bá gbọ́ ọ tó ń pe àwọn ènìyàn lórúkọ, ará ọ̀run ló ń pe ará ọ̀run, àwa ni ẹlẹ́rìí wọn. Mo gbà pé gbèsè wà níbẹ̀.

Kí ni a ó fi san án? Èkíní ni owó, kí a má fi ẹnu họra ọ̀rọ̀. Ẹni tó da iṣẹ́ olórin kọ láìgba àṣẹ gba oúnjẹ lẹ́nu olórin àti ọmọ rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 1988 fòfin de èyí, òfin tuntun ti 2022 sì tún fún un lókun. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Ojú agbo kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ti sùn lọ.

Èkejì ni etí. Jáàsì jẹ́ orin tí olúkúlùkù ń gba ọ̀rọ̀ sọ, tí ẹnì kan ń sọ, tí èkejì ń dá a lóhùn, bí àwọn àgbà tó ń fi òwe dá ara wọn lóhùn. Ẹni tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó wá bọ́ síta kò gbọ́ èsì. Kí a jókòó dé òpin, èyí ni ìjó wa àti ègbè wa.

Ẹ̀kẹta ni kí a dárúkọ wọn. Ẹ̀yìn páálí àwo ni orúkọ àwọn onílù àti afọnfèrè wà. Ojú mi, oríkì ni orúkọ wọ̀nyí jẹ́, ó sì yẹ kí a máa kà wọ́n sókè fún ọmọ àti àlejò. John Coltrane ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lọ́nà Badagry, gbé àwo Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. Ní 1962, Coltrane fi orúkọ rẹ̀ sọ orin kan, “Tunji”. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹrin, 1967, ó lọ fọn fèrè ní ilé àṣà Áfíríkà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem, kò sì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú. Etí rẹ̀ jẹ gbèsè, ó sì fi èémí san án.

Àmọ́ ṣá o, a kò lè fi agídí san gbèsè yìí. Ẹni tó kọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ojú fèrèsé aládùúgbò ní ọ̀gànjọ́ kò pín ìgbádùn fún ẹnikẹ́ni. Ìsinmi ọlọ́sìn-ín ló jí gbé. Pípè ni à ń pe ènìyàn síbi orin, a kì í fi í dè é mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù rèé. Bí baálé bá kú ní ìlú wa, ilẹ̀, ilé àti ọkọ̀ ni àwọn ọmọ ń bá ara wọn jà sí. Àwo orin rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ àtẹ̀gùn, òjò ń pa á, oòrùn ń wọ́ ọ. Àwọn òyìnbó tó ń wá àwo àtijọ́ kiri ń wá rà wọ́n, wọ́n ń kó wọn lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ta wá ni àrólé ohùn Àyìnlá: ọmọ Ẹ̀gbá tó fi àwo rẹ̀ dé ìkòkò, tàbí àjèjì tó nu eruku ara rẹ̀, tó sì jókòó gbọ́ ọ dé òpin?

Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn kíákíá pé ẹ̀jẹ̀ ló ń sọni di àrólé. Wọn yóò fi kún un pé àjèjì kò gbọ́ òwe inú orin náà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi náà kò jẹ ìyà tí Coltrane jẹ, n kò gbé àdúgbò tó gbé, síbẹ̀ mo ń gbọ́ ọ. Bí a bá sọ pé àjèjì kò lè jogún Àyìnlá, èmi náà yóò dá fèrè Coltrane padà. Lójú tèmi, ẹ̀jẹ̀ ń fúnni ní ànfààní láti tètè gbọ́ ni. Kì í gbọ́ fúnni. Ẹni tó bá san gbèsè etí ni àrólé ohùn. Ilẹ̀kùn ogún náà ṣì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Ẹ̀gbá, nítorí òun ni òwe náà ń bá wí tààrà. Kí ó lọ yọ àwo bàbá rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí òjò tó tún rọ̀.