Bí Mo Bá Mọ̀ọ́mọ̀ Ṣubú

Ní ilé-ìwé wa, ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń kọ́ ìjàkadì. Kóòṣì ní kí n máa bá ọmọkùnrin kan tó wà ní SS1 jà, kí ọwọ́ rẹ̀ lè já gaara. Kò wúwo tó mi, n kì í sì í lo agbára púpọ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó balẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú rẹ̀ ti ń fà ro kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo jẹ́ kí ó di ẹsẹ̀ mi mú, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú. Ayọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Bí mo ṣe ń ṣubú fún un nìyẹn títí ìdíje fi dé.

Nínú irú ìjàkadì tí òfin gbà kí a di ẹsẹ̀ mú, ìṣẹ́jú 3 lọ́nà méjì ni a ń jà, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti fi àmì 10 ju ẹnìkejì lọ, ó parí. Tirẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú 1. Ó di ẹsẹ̀ alátakò rẹ̀ mú bó ṣe máa ń di tèmi, ó sì dúró díẹ̀, bí ẹni pé ó ń retí kí onítọ̀hún ṣubú. Ìdúró díẹ̀ yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ.

Ṣé oore ni mo ṣe é, àbí irọ́ ni mo pa fún un?

Ìṣubú fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Nínú júdò tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní Jàpáànì ní 1882, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kata: àwọn méjèèjì ti mọ ẹni tí yóò dáni àti ẹni tí yóò ṣubú. Nínú randori, oníkálukú ń wá àyè tirẹ̀ ni. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kóòṣì bá ní kí a tún ọwọ́ kan ṣe ní ìgbà 20, mo máa ń dẹra fún ẹni tó ń dá mi, n kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá ti ní "Ẹ jà!", ara mi di ẹ̀rí. Ohun tó bá sọ ni ọmọ náà yóò gbà gbọ́.

Ìyá mi kò gbà. Wọ́n ní ṣebí àwọn di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo ń kọ́ ìrìn. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a di lọ́wọ́ mú mọ̀ pé a di òun mú.

Kí n sì sọ òótọ́, kì í ṣe àánú nìkan. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń pè mí ní "Ẹ̀gbọ́n mi" lẹ́yìn tó bá ti "dá" mi.

Èyí kò wá ní kí n máa là á mọ́lẹ̀. Ẹni tí a ń dá kíákíá kò rí nǹkan kan kọ́. Ní báyìí, mo máa ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé, "Lónìí, n kò ní lo ọwọ́ ọ̀tún," tàbí kí n kúnlẹ̀ kí ó wà lẹ́yìn mi kí a tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ń bá a jà tọkàntọkàn. Èmi náà ń jèrè: ọwọ́ òsì mi tó gọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń já fáfá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé mi, ó fi ẹ̀yìn mi lélẹ̀ gbàgà. N kò ṣubú fún un. Ó dá mi ni. Dípò kí ó yọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo dá yín ni, àbí ẹ ṣubú?"

Mo ní òun ló dá mi. Ó wò mí títí. Ó ní kí a tún un jà.