Ta Ló Ni Ẹyẹ Òkun?

Àtẹ Àlàájà wà létí Ọjà'ba n'Ìbàdàn, níbi tí èèyàn ti lè gbójú sókè kó rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó lókè àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Lẹ́kúlẹ́jà ni Àlàájà, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà. Ọ̀gà gbígbẹ, ìkarahun ahun, awọ erè, orí ọ̀bọ, èèpo igi lóríṣiríṣi, kò sí èyí tí èèyàn máa béèrè tí kò ní bá níbẹ̀. Àṣàkẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀, ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Beyẹrúnkà. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá bá a jókòó. Orí igún kan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó wà láàárín àtẹ, ojú rẹ̀ ti gbẹ wọnú, àgógó rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn ní ìpàkọ́.

ÀLÀÁJÀ: Má wò ó báyẹn. N kò rán ẹnikẹ́ni nígbó. Ọdẹ ló gbé e wá, mo sì rà á.

ÀṢÀKẸ́: Mi ò tíì sọ nǹkan kan, ìyá mi. Ìtàn kan ló wá sí mi lọ́kàn. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ẹyẹ òkun kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní roseate tern. Funfun ni, àtàrí rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì. Erékùṣù kéékèèké inú òkun ló ti máa ń yé ẹyin. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù ní gbogbo Yúróòpù ni Rockabill, àpáta kan tí kò jìnnà sí Dublin ní Ayálándì, tí ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà wà lórí rẹ̀. Bí òtútù ibẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á gbéra. Etíkun ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ń bọ̀, Gánà gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ń dé sí.

ÀLÀÁJÀ: Òtútù ni wọ́n ń sá fún. Èmi náà ì bá sá.

ÀṢÀKẸ́: Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1980, àwọn tó ń ṣọ́ wọn rí i pé iye tó ń padà wá yé ẹyin ti já wálẹ̀ gidigidi. Wọ́n ti fi òrùka irin kékeré sí ọ̀pọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, tòun ti nọ́ńbà lára rẹ̀. Òrùka ni wọ́n wá ń rí gbà láti Gánà, wọn ò rí ẹyẹ. Àwọn ọmọkùnrin etíkun ló ń dẹ okùn fún wọn, ẹja ni wọ́n fi ń tàn wọ́n. Àwọn kan ń jẹ wọ́n, àwọn kan ń fi wọ́n ṣeré lásán.

ÀLÀÁJÀ: Kí ni wọ́n wá fi àwọn ọmọ náà ṣe?

ÀṢÀKẸ́: Ní 1985, ìjọba Gánà àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ láti ìlú Ọba jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ kan. Wọ́n lọ sí àwọn ìlú etíkun, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láwọn ilé ẹ̀kọ́, kí ọmọ tó ń dẹ okùn tẹ́lẹ̀ lè di ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ. Ní Rockabill, láti 1989 ni ẹ̀ṣọ́ ti ń gbé lórí àpáta náà ní gbogbo àsìkò ẹyin, wọ́n sì kan àpótí pákó fún wọn kí wọ́n lè rí ibi yé ẹyin sí. Tọkọtaya bí 150 ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ju 1,500 lọ.

ÀLÀÁJÀ: Ó dáa. Jẹ́ kí n bi ọ́. Ilẹ̀ ta ni ẹyẹ yìí ti ń bímọ? Ti Ayálándì. Ẹja inú òkun ta ló ń jẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀? Ti Gánà. Ọmọ ta ni kò rẹ́ran jẹ sí ọbẹ̀? Ọmọ Gánà. Ta ni wọ́n wá ní kó jáwọ́? Ọmọ Gánà yìí kan náà ni! Ṣé o rí i? Ẹni tó ti jẹun yó ló ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó má fọwọ́ kan ẹran.

ÀṢÀKẸ́: Ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀, n kò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin kan tàbí méjì péré ni ẹyẹ yẹn ń yé lọ́dún. Ọmọ méjì tó bá mọ okùn dẹ dáadáa lè pa ohun tí gbogbo àpáta kan bí lọ́dún kan tán. Bí ẹ bá sì ní ti Gánà ni torí ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ti Ayálándì náà ni torí ibẹ̀ ló ti ń bímọ. Ohun tí èèyàn méjì jọ ni, ẹnì kan kì í dá a pa run.

ÀLÀÁJÀ: Àwọn òyìnbó náà ńkọ́, kí ni wọ́n pàdánù nítorí ẹyẹ?

Tíṣà tó gbọ́n ì bá yẹra fún ìbéèrè yìí. Àṣàkẹ́ kò yẹra.

ÀṢÀKẸ́: Erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Ascension, láàárín Áfíríkà àti Bràsíìlì, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ kó ológbò wá kó lè máa pa eku. Ológbò kò mọ eku yàtọ̀ sí ẹyẹ. Ó jẹ àwọn ẹyẹ òkun ibẹ̀ títí ọ̀pọ̀ wọn fi sá kúrò, wọ́n lọ há ara wọn mọ́ àpáta kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ológbò kò lè dé. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Ascension frigatebird, kò sí ibòmíràn tó ti ń yé ẹyin ní gbogbo ayé. Ní 2002 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ológbò tó ń rìn ká inú ìgbẹ́. Ní 2006 wọ́n kéde pé kò ku ọ̀kan. Ní 2012, ẹyẹ yẹn padà wá yé ẹyin sí erékùṣù ńlá náà.

ÀLÀÁJÀ: Wọ́n pa ológbò! Ológbò tí Ànábì fẹ́ràn! Ológbò tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló gbé e lọ!

ÀṢÀKẸ́: Àwọn ológbò inú ilé pàápàá fara gbá nínú májèlé tí wọ́n lò.

ÀLÀÁJÀ: Wò ó, o ti bá mi parí ẹjọ́ mi. Ó tọ́ nígbà náà kí a pa nǹkan kan nítorí nǹkan mìíràn. Ológbò kú kí ẹyẹ má baà kú. Igún kú kí ọmọ ẹni má baà kú. Níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi wà?

Lójú tèmi, bí wọ́n bá dáwọ́ ìjíròrò dúró síbí, Àlàájà ló borí. Ẹni tó bá ń gbèjà ẹyẹ òkun gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ológbò fi tọ́ tí ẹ̀jẹ̀ igún kò fi tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í dúró dáhùn.

ÀṢÀKẸ́: Ológbò kún gbogbo ayé, ìyá mi. Bí wọ́n bá pa ti Ascension tán, ti Bẹẹrẹ ṣì wà lórí ògiri. Igún ló ń tán. Irú èyí tó wà lórí àtẹ yín yìí, ní 2015 ni àwọn onímọ̀ káríayé ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà ní bèbè ìparun. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 wo irú igún mẹ́jọ ní Áfíríkà. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ti fi ìpín 62 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Májèlé ló pa èyí tó pọ̀ jù, títà wọ́n fún oògùn ló tẹ̀ lé e. Ní Guinea-Bissau, ní 2020, igún tó ju 2,000 lọ ni wọ́n bá tí wọ́n ti jẹ májèlé kú. Wọ́n ti gé orí àwọn kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ rí igún kẹ́yìn?

ÀLÀÁJÀ: Àárọ̀ yìí. Òun lò ń wò yẹn.

ÀṢÀKẸ́: Èyí tó ń fò ni mo ń bi yín.

ÀLÀÁJÀ: Ìyẹn ti pẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àwọn alápatà bá ti ń kó ìfun dànù, orí òrùlé kò ní gbà wọ́n mọ́. Wọn kì í sá féèyàn. A máa ń ju òkò sí wọn, wọ́n á kàn fò sókè díẹ̀, wọ́n á tún bà. Ìyá wa ni kì í jẹ́ ká jù ú. Ó ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí.

ÀṢÀKẸ́: Ìyá yín kan náà ló tà á lórí àtẹ yìí.

ÀLÀÁJÀ: Èyí tó kú fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá fún un láyé ìgbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó lè máà tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń torí owó dẹ igún. Owó ló tú èèwọ̀ yẹn, kì í ṣe èmi.

ÀṢÀKẸ́: Àwọn àgbà tún ní bí a ò bá rí igún, a kì í ṣẹbọ.

ÀLÀÁJÀ: Mùsùlùmí ni mí. N kì í rúbọ.

ÀṢÀKẸ́: Ẹ ń tà á fún ẹni tó ń rúbọ. Bí ẹni náà bá pa igún kí ọ̀nà rẹ̀ lè là, ta ni yóò wá jẹ ẹbọ rẹ̀? Ẹ wo Íńdíà. Wọ́n fún màlúù ní oògùn ara ríro kan, diclofenac. Igún tó bá jẹ òkú màlúù náà, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, igún ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Òkú ẹran wá ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro rí oúnjẹ, wọ́n bí sí i, àrùn ajá dìgbòlugi ń ran èèyàn. Ní 2006 ni ìjọba wọn fòfin de oògùn náà fún ẹran, omi ti kọjá lórí ẹsẹ̀.

ÀLÀÁJÀ: Mo gbọ́ ti igún. Agbálẹ̀ ìlú ni, bí kò bá sí mọ́, a ó jẹ̀bi fún ara wa. Ṣùgbọ́n o fi ẹyẹ òkun bẹ̀rẹ̀, o ti sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ni ẹyẹ Rockabill ń ṣe fún ẹnikẹ́ni n'Ìbàdàn? Kò gbálẹ̀, kò kọ bí àkùkọ, a ò tilẹ̀ ní rí i láé.

ÀṢÀKẸ́: Kò ṣe nǹkan kan fún wa. Bí mo bá ní ó ń ṣe é, irọ́ ni màá máa pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Rockabill kò ní rí igún Ọjà'ba láé bákan náà. Bí olúkúlùkù bá ní ohun tó wúlò fún òun nìkan lòun máa ṣọ́, ẹyẹ tó ń gbé ilẹ̀ méjì kò ní olùṣọ́ kankan. Ọmọ Gánà tó tú okùn rẹ̀ sílẹ̀, oore tó ṣe, àpáta tí kò dé rí ló ti so èso. N kò mọ orúkọ mìíràn tí èèyàn lè pè é ju ìwà lọ.

ÀLÀÁJÀ: Ìwà dára. Ta ló sanwó ẹja tí ọmọ náà kò rí jẹ? Nítorí ìwà kì í se ọbẹ̀.

ÀṢÀKẸ́: Ibẹ̀ ni mo gbà pé ẹ ṣẹ́gun mi. Ó yẹ kí ẹni tó ń gbádùn ẹyẹ náà lókè òkun bá wọn dá sí i. Níbí, ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn jókòó pé kí wọ́n fi ewé rọ́pò ẹ̀yà ara igún.

ÀLÀÁJÀ: Ewé wo?

ÀṢÀKẸ́: Màá béèrè.

ÀLÀÁJÀ: Béèrè dáadáa. Kí o sì gbọ́ èyí: bí èmi nìkan bá ní n kò rà á mọ́, ìsọ̀ kejì á rà á, ọdẹ kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo kọ̀. Èmi á kàn pàdánù oníbàárà, igún á sì kú síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwa lẹ́kúlẹ́jà ló lè fi òfin lé e, kí ẹni tó bá rà á san owó ìtanràn. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ lórí iye ọjà rí, gbogbo ọjà ló tẹ̀ lé e.

ÀṢÀKẸ́: Nígbà wo lẹ ń ṣèpàdé?

ÀLÀÁJÀ: Ìparí oṣù. Má wá ka ìwé òyìnbó fún wọn o, wọ́n á sùn. Sọ ti àwọn ọmọ Gánà yẹn. Ti ológbò, fi sílẹ̀ nílé.